Níbo Ni Wáyà Yẹn Ń Lọ? Ìbéèrè Yín Lórí Pọ́ọ̀tù Ẹ̀rọ àti Àyẹ̀wò Ariwo Iná

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí ló dá lórí ohun kan ṣoṣo: bí a ṣe ń pín pọ́ọ̀tù ara ẹ̀rọ (ibi tí wáyà tàbí ariwo ti ń wọlé tàbí jáde lára rẹ̀) sí ìsọ̀rí kí ẹ̀rọ náà tó wọ ilé àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò tí à ń sọ ni èyí tó ń wo ariwo iná tí ẹ̀rọ ń tú sínú afẹ́fẹ́ àti sínú wáyà tó so mọ́ ọn, ariwo tó lè ba rédíò àti tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò jẹ́. Fún ráútà, kọ̀ǹpútà, kámẹ́rà, dìkóódà àti irú wọn, ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń lò ni CISPR 32. Ìsọ̀rí tí pọ́ọ̀tù bọ́ sí nínú ìlànà yìí ló ń pinnu àyẹ̀wò tí wọn yóò ṣe fún un, òun náà ló sì ń pinnu owó tí ẹ máa san. Lẹ́tà tó gùn la gé kúrú.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. À ń to àpótí kékeré kan pọ̀ ní Idu, Abuja níbí, tó ń ka iye iná láti ara mítà iná àti bátìrì sólà, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní Ethernet kan, RS-485 kan tí a fi ń ka mítà iná, USB kan, ihò RJ45 (irú ihò tí wáyà Ethernet ń wọ̀) mìíràn tí a fi ń ṣe ètò inú rẹ̀, àti ihò áńtẹ́nà 4G. Ilé àyẹ̀wò ní ká fi ìsọ̀rí pọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀? (Oníṣẹ́ ẹ̀rọ, Idu)

Ìdáhùn: Ẹ gbójú kúrò lára bí ihò náà ṣe rí. Ohun méjì ni kí ẹ bi ara yín léèrè: kí ló wà ní ìdí kejì wáyà tó ti ibẹ̀ jáde, kí sì ni ẹ̀yin tí ẹ ṣe ẹ̀rọ kọ sínú ìwé ìlànà ìlò nípa irú wáyà náà àti gígùn rẹ̀? Bí wáyà náà bá so ẹ̀rọ yín mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń so àwọn ẹ̀rọ tó jìnnà síra pọ̀, bíi LAN inú ilé-iṣẹ́ (wáyà tó so kọ̀ǹpútà inú ilé pọ̀), ìlà tẹlifóònù, DSL (íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba ìlà tẹlifóònù) tàbí wáyà tẹlifíṣọ̀n tó ń ti ìta wọlé, wired network port (pọ́ọ̀tù nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ni. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó wà nítòsí nìkan ló so mọ́, tí wáyà náà kò sì gùn ju bí ìlànà irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe gbà lọ, signal/control port (pọ́ọ̀tù àmì àti ìdarí) ni. USB, HDMI àti RS-232 ni àpẹẹrẹ tí gbogbo èèyàn mọ̀.

Ethernet yín kò ní àríyànjiyàn nínú: wired network port ni, kódà bí oníbàárà bá fi wáyà mítà kan péré so ó mọ́ ráútà orí tábìlì rẹ̀. Ohun tí ẹ ṣe pọ́ọ̀tù náà fún là ń wò. USB yín, signal/control ni. RJ45 kejì náà, signal/control ni bí ó bá jẹ́ RS-232 ló ń gba inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ CONSOLE gàdàgbà sí ara àpótí níbi ihò náà, torí òṣìṣẹ́ ilé àyẹ̀wò tó bá rí RJ45 méjì á rò pé Ethernet méjì ni, á sì to àyẹ̀wò kan tí kò yẹ sínú ètò yín. Lára ínfátà àti bátìrì lithium tó kún ọjà báyìí ni irú àṣìmọ̀ yìí ti pọ̀ jù: ihò RJ45 ni wọ́n fi ń gbé CAN (ìsopọ̀ ìsọfúnni mìíràn) tàbí RS-485 láti ara bátìrì sí ara ínfátà, kò sì sí Ethernet kankan níbẹ̀.

Ihò áńtẹ́nà 4G, antenna port ni. Nítorí pé rédíò wà nínú ẹ̀rọ náà, ẹ retí pé ilé àyẹ̀wò á mú ìlànà EN 301 489 pọ̀ mọ́ ọn. Ara àpótí fúnra rẹ̀ náà, pọ́ọ̀tù ni lójú ìlànà. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń wọn ariwo inú afẹ́fẹ́.

RS-485 ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ìsopọ̀ yìí lè gbé ìsọfúnni dé nǹkan bíi mítà 1,200, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi máa ń dojú rú. Bí ìwé yín bá sọ pé inú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà ni mítà iná àti àpótí yín ń gbé, pé wáyà àárín wọn kò gbọdọ̀ ju mítà 3 lọ, signal/control port ni, ẹ sì lè gbèjà rẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí wáyà kan gba ilé mẹ́wàá kọjá lábúlé tó ń lo sólà àjùmọ̀lò, tí yóò máa ka mítà iná ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ tó jìnnà síra ni ẹ ń so pọ̀ yẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bíi wired network port. Ohun tí a rí tó ń kó bá àwọn èèyàn ni pé wọ́n á kọ “títí dé mítà 1,200” sára páálí kí ọjà lè tà, wọ́n á tún wá sọ fún ilé àyẹ̀wò pé wáyà kúkúrú ni. Ilé àyẹ̀wò á ka páálí náà. Ẹ yan ọ̀kan nínú méjèèjì kí ẹ tó tẹ ìwé.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́ ránṣẹ́, ẹ ya tábìlì. Fún pọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà lára àpótí, ìsọ̀rí tí ẹ fi í sí àti ìdí rẹ̀, irú wáyà (pẹ́ẹ̀rì mélòó, ṣé a fi irin bò ó tàbí a kò fi bò ó), gígùn tó pọ̀ jù tí ìwé ìlànà gbà, ohun tó wà ní ìdí kejì, àti iṣẹ́ tí pọ́ọ̀tù náà yóò máa ṣe bí wọ́n bá ń wọn ariwo. Ohun tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Pọ́ọ̀tù tí kò ṣiṣẹ́ nígbà àyẹ̀wò kò tíì yege.

Ìbéèrè: Kámẹ́rà PoE ni à ń kó wọlé, orúkọ ilé-iṣẹ́ wa la sì ń fi sí i. Iná àti fídíò jọ ń gba wáyà kan ni. Ṣé pọ́ọ̀tù iná ni ká pè é ni, àbí ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, kí wọ́n má baà rẹ́ wa jẹ. (Kubwa)

Ìdáhùn: Wired network port ni. Ìlànà gbà á láàyè kí irú pọ́ọ̀tù bẹ́ẹ̀ gbé iná, bí iná náà bá jẹ́ ara ìlànà ìsopọ̀ ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni PoE rí. Kámẹ́rà tí kò ní ihò iná mìíràn kò ní àyẹ̀wò wáyà iná NEPA fún ara rẹ̀. Bí ẹ bá ń ta injector (àpótí tó ń fi iná sínú wáyà Ethernet) pọ̀ mọ́ ọn, injector náà á ní tirẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Orí tábìlì tí kì í ṣe irin, tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 80, ni kámẹ́rà máa wà, sẹ̀ǹtímítà 40 sí ògiri irin tó dúró fún ilẹ̀. Wáyà Ethernet á lọ sínú àpótí kan tí wọ́n ń pè ní AAN (àwọn àgbà inú iṣẹ́ ṣì ń pè é ní ISN), tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 80 sí kámẹ́rà, tí wọ́n sì dè mọ́ irin ilẹ̀ pinpin. AAN ń fi ìdíwọ́ 150 Ω hàn sí ariwo common mode, ìyẹn ariwo tí gbogbo wáyà inú okùn kan jọ gbé lọ sí apá kan náà, tó wá ń gba ilẹ̀ padà. Ìdíwọ́ náà kò gbọdọ̀ fi ju 20 Ω lọ yàtọ̀ sí 150 yẹn, láti 150 kHz dé 30 MHz. Ẹ̀rọ ìwọ̀n á lo bandwidth 9 kHz, á sì ka quasi-peak (ìwọ̀n ṣóńṣó ariwo, tó ń ga sí i bí ariwo bá ṣe ń wáyé lemọ́lemọ́ tó) àti average (ìwọ̀n àárín). Fún Class B (ẹ̀rọ tó ń lọ síbi táwọn èèyàn ń gbé), ààlà quasi-peak jẹ́ 84 dBµV (ìwọ̀n agbára ariwo) ní 150 kHz, ó ń wálẹ̀ dé 74 ní 500 kHz, ó sì dúró síbẹ̀ dé 30 MHz. Ti average fi 10 dB lọ sílẹ̀ jùyẹn: 74 tó ń wálẹ̀ dé 64.

Ẹ béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó sanwó. Àkọ́kọ́, ṣé AAN wọn ní pẹ́ẹ̀rì mẹ́rin, ṣé ó sì lè gbé iná PoE yín? PoE 802.3af ń fi 15.4 W ránṣẹ́, 802.3at ń fi 30 W, 802.3bt lè dé 90 W. Èkejì, LCL wo ni AAN náà ní? LCL ni ìwọ̀n bí ìdọ́gba wáyà méjì inú pẹ́ẹ̀rì kan ṣe péye tó. Ó dà bí ẹni méjì tó jọ gbé ìtì igi: bí èjìká ọ̀kan bá ga ju ti èkejì lọ, igi náà á máa yọ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ìdọ́gba bá ṣe burú tó ni ìsọfúnni inú pẹ́ẹ̀rì náà ṣe ń di ariwo common mode tó. Bí ìwé ìlànà yín bá ní kí wọ́n lo Cat 5 tàbí Cat 5e (ipele wáyà Ethernet), AAN tí LCL rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 65 dB ló tọ́. Cat 6 tàbí èyí tó dára jù ú lọ, 75 dB. Cat 3, 55 dB. Ó ń wálẹ̀ bí fíríkúẹ́ǹsì ṣe ń gòkè, tó fi jẹ́ pé ti Cat 5 á kù sí nǹkan bíi 49 dB ní 30 MHz. Ẹni tó bá gbàgbé láti dárúkọ irú wáyà sínú ìwé rẹ̀ lè bá ara rẹ̀ lórí AAN Cat 3, kí ariwo sì fi nǹkan bíi 10 dB pọ̀ sí i láìjẹ́ ẹ̀bi ẹ̀rọ náà.

Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ tí kámẹ́rà á máa ṣe. Ó yẹ kí ìsọfúnni tó ń gba LAN náà ju ìdá 10 nínú 100 agbára rẹ̀ lọ, kó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ó kéré tán 250 ms. Fídíò kámẹ́rà kan lè máà ju 4 sí 8 Mbit/s lọ, bẹ́ẹ̀ ìdá 10 ìlà 100 Mbit/s jẹ́ 10 Mbit/s. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìsọfúnni mìíràn kún un láti orí kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n tún bo ojú kámẹ́rà kí iná infrared alẹ́ lè tàn, torí ìgbà yẹn ló ń fa iná jù, ariwo kọ́ńfátà iná inú rẹ̀ sì máa ń ga sí i nígbà náà. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ń yí orí, kó máa yí i.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Zaria. Kí ló dé tí wọ́n fi ń wọn Ethernet láti 150 kHz, tí wọn kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún USB? Ṣé USB kì í pariwo ni?

Ìdáhùn: Ó ń pariwo gan-an. Gígùn wáyà ló fa ìyàtọ̀. Wáyà máa ń di áńtẹ́nà tó múná nígbà tí gígùn rẹ̀ bá tó ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ìgbì rédíò. Ẹ fi fíríkúẹ́ǹsì, ní MHz, pín 300, ẹ ó rí gígùn ìgbì ní mítà. Ní 1 MHz, ìgbì gùn ní mítà 300, ìdá mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ mítà 75. Wáyà LAN tó gba òkè sílìńgì láti yàrá kan sí òmíràn nínú ilé ìjọba ní Abuja lè gùn tó bẹ́ẹ̀ dáadáa, inú medium wave, tó wà láàárín 526.5 àti 1606.5 kHz, ni ariwo rẹ̀ sì ti máa jáde. Ẹni tó ń gbọ́ Radio Nigeria Kaduna lórí medium wave ni ìyẹn máa dí lọ́wọ́. Wáyà USB mítà 3 ńkọ́? Kò lè di áńtẹ́nà bẹ́ẹ̀ títí a ó fi dé nǹkan bíi 25 MHz. Láti 30 MHz lọ sókè, àyẹ̀wò inú afẹ́fẹ́ ti gbà á.

Nítorí náà, kò sí pọ́ọ̀tù tí wọ́n dárí jì. Wáyà USB àti HDMI gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀rọ, kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́, nígbà tí wọ́n bá ń wọn ariwo inú afẹ́fẹ́ láti 30 MHz sí 1 GHz. Class B ní mítà 10: 30 dBµV/m títí dé 230 MHz, 37 láti ibẹ̀ lọ. Bí fíríkúẹ́ǹsì tó ga jù nínú ẹ̀rọ bá kọjá 108 MHz, wọn á wọ̀n ọ́n kọjá 1 GHz: dé 2 GHz bí kò bá ju 500 MHz lọ, dé 5 GHz bí kò bá ju 1 GHz lọ, bí ó bá sì ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìlọ́po márùn-ún rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kọjá 6 GHz. Bí ẹ̀rọ bá ní USB mẹ́jọ, wọ́n lè má so mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ: wọ́n á máa fi wáyà kún un lọ́kọ̀ọ̀kan títí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un kò fi ní yí ìwọ̀n padà tó 2 dB mọ́.

Ìbéèrè: Ilé ìjọsìn wa ní Gwarinpa fẹ́ ra ẹ̀rọ HDBaseT tó ń gbé àwòrán HDMI lórí wáyà Cat 6 láti ibi kámẹ́rà dé ibi projector, ó tó mítà 60. Àbúrò wa kan tó mọ iṣẹ́ náà ní pọ́ọ̀tù nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, ẹni tó ń tà á ní HDMI lásán ni. Ta ló tọ̀nà?

Ìdáhùn: Àbúrò yín la gbè lẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń tà á ní ohun tó lè sọ. Yóò ní kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan níbẹ̀, ẹ̀rọ méjì ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà kan, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí. Ṣùgbọ́n wáyà tó lè gùn tó mítà 100, tó ń gba inú ògiri àti òkè sílìńgì pẹ̀lú wáyà ilé yòókù, ń ṣe ohun tí wáyà LAN ń ṣe sí rédíò. Bí àwa bá ni ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é, a ó ní kí wọ́n wọn ojú Cat 6 náà bíi wired network port, kí ojú HDMI dúró sí signal/control. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà á, ẹ ní kí wọ́n fi ojú ewé tí wọ́n kọ ìsọ̀rí pọ́ọ̀tù sí nínú ìwé àyẹ̀wò hàn yín. Ibi tí a kò bá ti rí orúkọ ojú Cat 6 rárá, kò sí ẹni tó wọ̀n ọ́n.

Bí wáyà tí ẹ fà bá jẹ́ èyí tí a fi irin bò, ẹ má ṣe jẹ́ kí irin rẹ̀ parí sínú orí RJ45 oníke. Irin tí kò kan ara àpótí níbi tó ti wọlé yípo-yípo kò bo ohunkóhun.

Ìbéèrè: Fáíbà ni ẹ̀rọ wa ń lò, ihò SFP méjì (ibi tí à ń ki orí okùn sí) ló wà lára rẹ̀. Ṣé kò sí àyẹ̀wò wáyà fún un nìyẹn? (Kano)

Ìdáhùn: Dígí kì í gbé ariwo iná. Bí okùn fáíbà yín kò bá ní irin kankan nínú, kò sí. Bí ó bá ní irin tí wọ́n fi bò ó tàbí okùn irin tó ń fún un lágbára, tí irin náà sì dé ara ẹ̀rọ, àyẹ̀wò wà fún un gẹ́gẹ́ bí ti wired network. Ẹ ṣọ́ra fún SFP tó ní RJ45 lẹ́nu: Ethernet bàbà ni yẹn. Bí ìwé yín bá gbà kí wọ́n fi í sínú ihò náà, ẹ gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ.

Ìbéèrè: Ẹni tó ń kó ráútà ilé fún wa láti òkè òkun fi ìwé àyẹ̀wò CISPR 22 Class A ránṣẹ́. Ṣé a lè gbé e lọ sí NCC (àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀) bẹ́ẹ̀? (Oníṣòwò, Emab Plaza, Wuse 2)

Ìdáhùn: Ìwé náà ní àléébù méjì. CISPR 32 ti gba ipò CISPR 22 láti 2012, ní Yúróòpù sì, EN 55022 tó bá CISPR 22 mu kò ní àṣẹ mọ́ láti 5 March 2017. Àléébù kejì ló tóbi jù: ibi táwọn èèyàn ń gbé ni ráútà ilé ń lọ, Class B ló sì wà fún ibẹ̀, kì í ṣe Class A. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Lórí pọ́ọ̀tù nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti 500 kHz lọ, Class A gba 87 dBµV quasi-peak, Class B gba 74. Average jẹ́ 74 àti 64. Nínú afẹ́fẹ́, 10 dB ni.

Òfin ìbánisọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè wa ti 2003 ló fún NCC láṣẹ lórí type approval (àṣẹ pé irú ẹ̀rọ kan yẹ fún títà), ẹ sì gbọ́dọ̀ gbà á kí ẹ tó ta ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Kí ẹ tó sanwó fún ọjà, ẹ kàn sí ẹ̀ka type approval wọn ní Abuja, kí ẹ bi wọ́n ní irú ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n máa gbà fún ráútà yín gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ ìwé tí ẹ gbà wò: ṣé orúkọ model bá èyí tó wà lára ọjà mu láìyọ lẹ́tà kan, ṣé ilé àyẹ̀wò náà ní ìwé-ẹ̀rí ISO/IEC 17025 tó kan àyẹ̀wò yìí, ṣé àwòrán fi hàn pé wáyà wà nínú WAN (ojú íntánẹ́ẹ̀tì) àti nínú LAN, ṣé àdápítọ̀ inú àwòrán náà sì ni èyí tó wà nínú páálí yín? Àdápítọ̀ tí wọ́n pààrọ̀ nítorí owó ló ń ba ìwé tó dára jẹ́ jù.

Ìbéèrè: Ráútà tí a ṣe fẹ́ yege, Ethernet nìkan ló kù. Ariwo ga láti nǹkan bíi 200 kHz sí 2 MHz, ṣóńṣó kan sì wà ní 25 MHz tó fi 5 dB ju ààlà Class B lọ. A ti fi ferrite (òrùka tó ń dín ariwo kù) mẹ́ta sí wáyà náà, kò sí ìyàtọ̀ lápá ìsàlẹ̀. (Lugbe)

Ìdáhùn: Ìṣòro méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bá yín lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ pa ráútà, kí ẹ fi ẹ̀rọ tó wà ní ìdí kejì AAN sílẹ̀ ní títàn, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Bí ohun tí ẹ rí kò bá fi ó kéré tán 6 dB wà lábẹ́ ààlà, ariwo ẹlòmíràn ni ẹ ń kà mọ́ tiyín. Ẹ wo bí wọ́n ṣe de AAN mọ́ irin ilẹ̀ náà. Bóòtù tó dẹ̀ lè yí ìwọ̀n padà pátápátá.

Ariwo ìsàlẹ̀, iná ló ń fà á. Ẹ yọ àdápítọ̀, ẹ fi bátìrì 12 V gbé ráútà ṣiṣẹ́, kí ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Bí ariwo náà bá lọ, àdápítọ̀ ni: ariwo yíyípadà rẹ̀ ń gba inú tiransifọ́mà rẹ̀ bọ́ sí wáyà DC, ó gba inú ráútà kọjá, ó sì bá Ethernet jáde. Ẹ wo bóyá kàpásítọ̀ Y tó so ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tiransifọ́mà wà níbẹ̀, torí òun ni wọ́n máa ń yọ kúrò nínú àwọn tó pọ́ọ́kú. Ẹ pààrọ̀ àdápítọ̀, tàbí kí ẹ fi common-mode choke (wáyà yíyípo tó ń dí ariwo common mode) sí ẹnu ọ̀nà DC lórí bọ́ọ̀dù. Kí choke náà jẹ́ MnZn (irú ferrite kan) tí wáyà rẹ̀ yípo púpọ̀. Ferrite tí ẹ fi há wáyà, NiZn tí wáyà gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan ni púpọ̀ nínú wọn. Agbára wọn ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ MHz, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi ta pútú ní 200 kHz. Bí ariwo náà bá dúró lórí bátìrì, ẹ yíjú sí kọ́ńfátà DC inú ráútà: bàbà tó ń yí iná padà lórí bọ́ọ̀dù ti fẹ̀ jù tàbí ó sún mọ́ ihò Ethernet jù.

Ti 25 MHz yàtọ̀. Ìsọfúnni 100BASE-TX (Ethernet 100 Mbit/s) kì í yọ ṣóńṣó tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Kírísítà 25 MHz tó ń darí ICì (ṣípù) Ethernet ló ń yọ jáde. Ẹ fi bí ìsọfúnni ṣe ń lọ dán an wò: bí ṣóńṣó náà bá dúró bákan náà nígbà tí ẹ dá ìsọfúnni dúró, ẹ̀rí ti dé. Ibi tó ń gbà jáde kò pọ̀. Ẹ wo kàpásítọ̀ 100 nF tó yẹ kó wà níbi center tap (ojú àárín wáyà inú tiransifọ́mà Ethernet) kọ̀ọ̀kan lápá ICì. Lápá wáyà, resistor 75 Ω láti ara center tap kọ̀ọ̀kan yẹ kó pàdé lórí kàpásítọ̀ kan, 1000 pF 2 kV, kí ìyẹn wá lọ sí chassis (irin ara àpótí). Nínú ráútà oníke, chassis yìí lè jẹ́ bàbà kékeré kan tí kò so mọ́ ohunkóhun. Ariwo kò ní ibi tó ń lọ, wáyà ló ń bá jáde. Kò gbọdọ̀ sí ilẹ̀ bàbà lábẹ́ tiransifọ́mà Ethernet náà, kó má baà gbé ariwo fò ó kọjá.

Ẹ má sì gbójú fo iná LED ara ihò RJ45. Wáyà rẹ̀ ń ti ara ICì tọ ẹnu ihò lọ tààrà láìgba inú tiransifọ́mà, ó ń gbé kírísítà náà dé ẹ̀gbẹ́ wáyà. Ferrite bead kan àti kàpásítọ̀ 470 pF lórí ìlà LED kọ̀ọ̀kan kò wọ́n rárá, ibẹ̀ ni a ó sì ti bẹ̀rẹ̀ bó bá jẹ́ àwa ni. Nígbà tí ẹ bá padà lọ, ẹ má fi 0.5 dB yege kí ẹ ní ó parí. Ọjà tó tẹ̀lé e lè ní kàpásítọ̀ tó yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ wá ó kéré tán 4 dB.

Ìbéèrè: Ṣé ìsọ̀rí yìí ní ohun tó kàn yàtọ̀ sí ariwo? Àrá ló ń ba ẹ̀rọ wa jẹ́ jù ní Jos.

Ìdáhùn: Ó kàn án. CISPR 35 ni ìlànà tó ń wo bí ẹ̀rọ ṣe ń fara da ohun tó ti ìta wá, ìsọ̀rí pọ́ọ̀tù yìí ni òun náà fi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò rẹ̀ lórí wáyà kan pọ́ọ̀tù tí olùṣe gbà kí wáyà rẹ̀ ju mítà 3 lọ, àyẹ̀wò surge, tó dúró fún àrá, sì wà fún pọ́ọ̀tù tí wáyà rẹ̀ lè jáde sí ìta gbangba. Ẹni tó kọ “inú ilé nìkan” sínú ìwé ìlànà ti sá fún àyẹ̀wò yẹn. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ gbé kámẹ́rà tàbí áńtẹ́nà sórí òpó, ẹ ka ìwé rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Bí ó bá ní inú ilé nìkan, kò sí ẹni tó fi irú ìyà àrá yẹn jẹ ẹ́ rí kó tó dé ọwọ́ yín.

Ìbéèrè: POS wa ń gba iná láti ihò USB-C, ihò kan náà la fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ìsọ̀rí mélòó ni ká kọ? (Nyanya)

Ìdáhùn: Ẹ kọ méjèèjì, ti iná àti signal/control, sí orí ìlà kan náà. Bí àdápítọ̀ tirẹ̀ bá ń fún un níná, ojú AC àdápítọ̀ náà ni wọ́n ti máa wọn ariwo iná, pẹ̀lú POS ní ipò tó ń gba iná tó sì ń tẹ ìwé. Bí ó bá so mọ́ kọ̀ǹpútà, signal/control port ni, wáyà rẹ̀ á sì wà lára rẹ̀ nígbà àyẹ̀wò inú afẹ́fẹ́. Wáyà tó wà nínú páálí ni kí ẹ fún ilé àyẹ̀wò.